Ẹ̀dọ̀ Ní Aago Tirẹ̀: Bí Ẹ Ṣe Lè To Àkókò Oúnjẹ Yín Kí Ọ̀rá Má Baà Gba Inú Rẹ̀

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Ìbàdàn, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ òru. Wọ́ọ̀dù máa ń rọlẹ̀ wọ̀ọ̀, àlejò kì í pọ̀, ẹni tó ń ṣàìsàn á ráyè sinmi. Ohun tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń jà lé lórí ni kúlà. Tó bá ti di nǹkan bí aago méjì òru, ẹnì kan á ṣí kúlà, jọ̀lọ́ọ̀fù á ta sánsán gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹlòmíràn á fa búrẹ́dì àti mínírà yọ lábẹ́ tábìlì. Bọ̀dá sẹ̀kúríntì tó wà lẹ́nu géètì á ti gbọ́ ìtasánsán rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Ẹ rántí wa o, òru ṣì gùn."

Wọ́n rò pé ahun ló ń ṣe mí tí mo bá ní kí wọ́n dé e padà. Ẹ̀dọ̀ ni mò ń rò.

Bọ̀dá sẹ̀kúríntì yìí kan náà lọ ṣe síkáànì nítorí inú tó ń run ún, wọ́n bá kọ ọ́ sí ìwé èsì rẹ̀ pé ọ̀rá ti wà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ó mú ìwé náà wá bá mi, ojú rẹ̀ ti fà ro. "Nọ́ọ̀sì, ṣé wọn ò ṣì mí mú fún ẹlòmíràn? Mi ò fẹnu kan ọtí rí o." Kò sanra, ikùn rẹ̀ kàn yọ díẹ̀ lábẹ́ bẹ́líìtì ni. Mo ní kó jókòó, mo sì ṣàlàyé fún un pé ọtí nìkan kọ́ ló ń kó ọ̀rá sínú ẹ̀dọ̀. Lẹ́yìn náà mo bi í léèrè aago tó máa ń jẹun. Ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè náà ò bá ọ̀rọ̀ mu.

Ó bá ọ̀rọ̀ mu o. Ohun tí mo sọ fún un ni mo fẹ́ sọ níbí, fún gbogbo àwa tí a ń ṣiṣẹ́ òru: nọ́ọ̀sì, ọlọ́dẹ, àwọn tó ń yan búrẹ́dì, awakọ̀ ọ̀nà jíjìn. Ó sì wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán ní Èkó, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kì í jẹ́ kí ẹ délé kó tó di aago mẹ́wàá alẹ́, tó jẹ́ ìgbà yẹn lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bu gààrí sómi gbígbóná. Ẹ̀dọ̀ kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Àwo oúnjẹ yín ló fi ń mọ aago, àwo yẹn sì wà lọ́wọ́ yín.

Aago wo ló wà nínú ara?

Ṣé ẹ rántí patanmọ́, ewéko tí a máa ń fọwọ́ kàn lọ́mọdé tí á sì pa ewé rẹ̀ dé? Ní ọdún 1729, ará Faransé kan tó ń jẹ́ Jean-Jacques d'Ortous de Mairan gbé irú ewéko bẹ́ẹ̀ sínú òkùnkùn. Ó ti kíyè sí i pé ewé rẹ̀ máa ń ṣí lọ́sàn-án, ó sì máa ń pa dé lálẹ́. Nínú òkùnkùn yẹn, láìrí oòrùn, ewé náà ṣì ń ṣí nígbà tó yẹ kó ṣí, ó ṣì ń pa dé nígbà tó yẹ kó pa dé. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń ka wákàtí.

Ó wà nínú tiwa náà. Nísàlẹ̀ ọpọlọ, lókè ibi tí iṣan ojú ọ̀tún àti ti òsì ti gba orí ara wọn kọjá, ni olórí aago wà, nǹkan bí 20,000 sẹ́ẹ̀lì tó kóra jọ. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú wọlé ló ń tún un tò lójoojúmọ́. Bó ṣe ń ka wákàtí ni pé jíìnì méjì kan (jíìnì ni àṣẹ tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń sọ ohun tó máa ṣe), CLOCK àti BMAL1, ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ṣe àwọn pùrótéènì kan. Tí pùrótéènì náà bá ti pọ̀ tó, á padà wá dá CLOCK àti BMAL1 lẹ́kun. Tó bá ti jẹrà tán, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ìyípo kan ń gbà tó wákàtí 24. Ara àwọn eṣinṣin kéékèèké tó máa ń bo èso tó ti ń rà ni Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young ti tú àṣírí irú ìyípo yìí, òun ló sì fún wọn ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2017.

Ọpọlọ nìkan kọ́ ló ní aago. Kíndìnrín ní tirẹ̀, ọ̀rá abẹ́ awọ ní tirẹ̀, ẹ̀dọ̀ ní tirẹ̀. Ọpọlọ máa ń ránṣẹ́ sí ẹ̀dọ̀ lóòótọ́, ó ń gba ọ̀nà iṣan àti họ́mónù, ìyẹn àwọn oje ara tó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn láti jíṣẹ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ ni ẹ̀dọ̀ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu jù. Ní ọdún 2000, àwọn onímọ̀ ní ìlú Geneva ní Switzerland gbé èyí jáde kedere. Eku, ẹ̀dá òru ni, òru ló ń jẹ, ọ̀sán ló ń sùn. Wọ́n wá ń fún àwọn eku kan lóúnjẹ lọ́sàn-án nìkan. Kò pẹ́ kò jìnnà, aago ẹ̀dọ̀ àwọn eku náà ti yí padà, ó ti bá oúnjẹ lọ. Aago ọpọlọ wọn kò yẹsẹ̀ ní tirẹ̀. Ara kan ṣoṣo, aago méjì nínú rẹ̀, ọ̀kan ń pe ọ̀sán, èkejì ń pe òru.

Èmi àti Bọ̀dá sẹ̀kúríntì nìyẹn nídìí kúlà.

Ibi tí ọ̀rá ti wọ̀ ọ́

Tí ẹ bá jẹ àmàlà, á di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, ínsúlìn, họ́mónù tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, á sì jáde. Ẹ̀dọ̀ á kó lára ṣúgà náà pamọ́ síbi tí ọwọ́ á ti tètè tó o, ṣùgbọ́n ohun tí àyè yẹn lè gbà kò ju nǹkan bí 100 gíráàmù lọ. Tó bá kún, ínsúlìn á ní kí ẹ̀dọ̀ sọ èyí tó ṣẹ́kù di ọ̀rá. Tí ẹ bá wá dẹ́kun oúnjẹ fún wákàtí mélòó kan, ínsúlìn á lọ sílẹ̀, ẹ̀dọ̀ á máa ná ṣúgà tó tọ́jú, bí ìyẹn bá sì ṣe ń tán lọ lá máa yíjú sí ọ̀rá kó jó o. Owó àpò àti owó inú kóló ni: kò sẹ́ni tó ń fọ́ kóló nígbà tí owó ṣì wà lápò. Ẹni tó mu tíì olómi wàrà láago márùn-ún ìdájí, tó jẹun lójúmọmọ, tó tún ń jẹ gúgúrú níwájú tẹlifíṣọ̀n títí aago méjìlá òru, àpò rẹ̀ kì í gbẹ, kò sì lè fọ́ kóló láé.

Aago ẹ̀dọ̀ ló ń palẹ̀ mọ́ fún iṣẹ́ méjèèjì yìí kí oúnjẹ tiẹ̀ tó dé. Pùrótéènì kan wà lára irinṣẹ́ aago náà tó ń jẹ́ REV-ERB alpha. Lára eku, ọ̀sán tí eku ń sùn ló máa ń pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀. Òun àti ẹnìkejì rẹ̀, HDAC3, á jókòó lé àwọn jíìnì tó ń ṣe ọ̀rá lórí, wọn ò ní jẹ́ kí wọ́n gbérí. Tí ilẹ̀ bá ṣú tí eku jí wá jẹun, wọ́n á dìde. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Pennsylvania yọ HDAC3 kúrò nínú ẹ̀dọ̀ eku, wọ́n sì gbé èsì jáde ní 2011: ẹ̀dọ̀ náà kún fún ọ̀rá. Ẹ̀dá ọ̀sán ni àwa, nítorí náà òdìkejì ti eku ni tiwa, òru ló yẹ kí àwa dáwọ́ oúnjẹ dúró.

Èyí tí mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn jù ni ti ọdún 2012. Satchidananda Panda àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ní Salk Institute ní California fún eku ní oúnjẹ ọlọ́ràá. Wọ́n jẹ́ kí apá kan máa jẹ nígbàkigbà tó bá wù ú. Apá kejì, wákàtí mẹ́jọ nìkan ni wọ́n fi ń rí oúnjẹ, lóru tó jẹ́ àsìkò wọn. Ìwọ̀n oúnjẹ tí apá méjèèjì jẹ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Àwọn àkọ́kọ́ sanra, ọ̀rá gba ẹ̀dọ̀ wọn. Àwọn kejì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú ìyọnu náà. Oúnjẹ kan náà o, aago ló yàtọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé àti bírò

Kí ẹ tó yí ohunkóhun padà, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kọ aago tí nǹkan àkọ́kọ́ wọ ẹnu yín lójúmọ́ àti aago tí nǹkan ìkẹyìn wọ̀ ọ́. Omi lásán nìkan lẹ ò ní kọ. Tíì tó ní wàrà àti ṣúgà, ẹ kọ ọ́. Mọ́ọ̀tì, ẹ kọ ọ́. Ẹ̀pà ẹ̀kún ọwọ́ kan, ẹ kọ ọ́.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mò ń jẹun lóòjọ́, ọ̀rá wo ló tún ń bá mi fà á?" Mo ní, "Mà, ẹ ṣáà bá mi kọ ọ́." Nígbà tí wọ́n mú ìwé náà dé, òkèlè ẹ̀ẹ̀mejì náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tíì ìdájí wà níbẹ̀, àkàrà méjì tí wọ́n rà kí wọ́n tó ṣí ìsọ̀ wà níbẹ̀, mínírà ọ̀sán nítorí oòrùn, bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà ìrọ̀lẹ́, bísíkíìtì tí wọ́n bá ọmọ-ọmọ jẹ kù lálẹ́. Láti ìdájí di ọ̀gànjọ́, ẹ̀dọ̀ wọn ò rí wákàtí mẹ́fà sinmi. Àwọn fúnra wọn ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìwé yẹn ṣe iṣẹ́ tí ẹnu mi ò lè ṣe.

Tí ẹ bá ti rí bó ṣe rí, ẹ yan wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá tí gbogbo oúnjẹ yín á máa bọ́ sí. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, láti aago méje àárọ̀ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ dára gan-an. Tí aago méje alẹ́ ló rọrùn, kò burú. Kí ó ti parí ní bí wákàtí mẹ́ta kí ẹ tó sùn.

Ẹni tó ti ń jẹun láago mọ́kànlá alẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, kó má fò sí aago mẹ́fà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ebi á jí i ní ọ̀gànjọ́ òru, á sì lọ ṣí ìkòkò ọbẹ̀ nínú òkùnkùn. Ẹ fi ààbọ̀ wákàtí fà á síwájú, ẹ jẹ́ kó mọ́ra fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ tún tó fà á. Ebi àkọ́kọ́ máa ń mú o. Aago ẹ̀dọ̀ ló ń retí oúnjẹ lásìkò tó ti mọ́ ọn lára, tí kò bá rí i fún ìgbà díẹ̀, á tún ara rẹ̀ tò, ebi náà á sì bá a sún.

Òkèlè ọ̀sán, ọbẹ̀ alẹ́

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ iyán. Ẹ jẹ ẹ́ lọ́sàn-án. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ọpọlọ máa ń tú họ́mónù tí wọ́n ń pè ní melatonin jáde, èyí tó ń múra wa sílẹ̀ fún oorun, ó sì máa ń fa ọwọ́ ínsúlìn sẹ́yìn. Nítorí náà, ẹ̀bà tó wọlé láago kan ọ̀sán àti ẹ̀bà tó wọlé láago mẹ́wàá alẹ́, bí wọ́n tilẹ̀ ti inú ọpọ́n kan náà wá, ṣúgà ti alẹ́ máa ń ga jù, ó sì máa ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ jù.

Nílé wa, ọ̀rọ̀ yìí dìjà díẹ̀. Ọkọ mi gbà pé ọkùnrin tí kò bá jẹ òkèlè lálẹ́ kò tíì jẹun. Mi ò bá a jiyàn. Mo kàn ń gbé oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀ ní aago méje dípò aago mẹ́sàn-án, mo dín òkèlè kù bí ìdá kan nínú mẹ́ta, mo sì bu ẹ̀fọ́ rírò àti ẹja lé e lórí títí àwo fi kún. Ó kùn ní ìbẹ̀rẹ̀. "Ìyá Ṣadé, ṣé gààrí ti wọ́n tó báyìí ni?" Mo ní ó wọ́n. (Ó kúkú wọ́n.) Ní báyìí, bí mo bá pẹ́ dé, òun fúnra rẹ̀ ló ń pè mí láago mẹ́fà ààbọ̀ láti béèrè ibi tí ọbẹ̀ wà.

Ẹ̀yin ará Èkó, èyí tó ṣòro jù fún yín ni pé aago mẹ́fà ń bá yín nínú mọ́tò. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ jẹ oúnjẹ alẹ́ kí ẹ tó kúrò níbi iṣẹ́. Ẹ gbé e láti ilé, tàbí kí ẹ rà á lọ́wọ́ olóúnjẹ tó wà nítòsí láago márùn-ún, ìrẹsì díẹ̀, ẹ̀wà tó pọ̀, ẹja tàbí ẹyin. Tí ẹ bá wá délé láago mẹ́wàá tí ebi ṣì ń pa yín, ata ẹja olómi tàbí kùkúńbà á gbé yín dé orí ibùsùn. Ohun tó ń ba ìlànà yìí jẹ́ ni ìpápánu inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ: gálà, mínírà tútù, ìpékeré. Ẹ má gbàgbé pé ṣúgà inú mínírà ń lọ tààrà sí ẹ̀dọ̀, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ irú ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ tètè máa ń sọ di ọ̀rá. Tí mo bá ní kí ẹ yọ nǹkan kan ṣoṣo kúrò, òun ni.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ òru, ẹ sún mọ́bí

Ní 2021, àwọn onímọ̀ ní Brigham and Women's Hospital ní Boston gbé èsì ìwádìí kan jáde tó yẹ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri gbogbo wọ́ọ̀dù. Wọ́n kó èèyàn 19 sínú ilé ìwádìí, wọ́n sì yí ìgbà tí wọ́n ń sùn àti ìgbà tí wọ́n ń jí padà bíi ti òṣìṣẹ́ òru. Àwọn kan ń jẹun lóru bí àwa ṣe máa ń ṣe. Àwọn yòókù, bí wọ́n tilẹ̀ ń fi òru ṣiṣẹ́, ọ̀sán nìkan ni wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ àwọn tó jẹun lóru lọ sókè. Ti àwọn tó jẹun lọ́sàn-án kò gbéra. Lóòótọ́, ṣúgà ni wọ́n wọ̀n, wọn ò wọn ọ̀rá ẹ̀dọ̀, ṣùgbọ́n ṣúgà àti ínsúlìn tó ga ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe ọ̀rá. Ó tó fún mi láti dé kúlà mi.

Bí mo ṣe ń tò ó nìyí. Oúnjẹ gidi mi ni èyí tí mò ń jẹ nílé láago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ kí n tó lọ síbi iṣẹ́: àmàlà tí kò tóbi, gbẹ̀gìrì àti ewédú, ẹja tàbí pọ̀nmọ́. Gbẹ̀gìrì ṣe pàtàkì fún mi, torí pé ẹ̀wà máa ń pẹ́ nínú, ó ń jẹ́ kí n dé ìdájí láìwo kúlà ẹlòmíràn. Láti bí aago mẹ́wàá alẹ́ títí di aago mẹ́fà ìdájí, omi ni, àti tíì tí kò ní ṣúgà tí kò ní wàrà. Mi ò kì í mu tíì náà mọ́ tó bá ti lé ní aago méjì, kó má baà lé oorun àárọ̀ mi lọ.

Tí òru bá le, tí wọ́n gbé oníjàǹbá ọkọ̀ wọlé, tí ẹsẹ̀ ń wárìrì, mi ò ní kí ẹ fi ebi pa ara yín lórí iṣẹ́. Ẹ̀mí èèyàn wà lọ́wọ́ yín. Ẹyin bíbọ̀ kan tàbí ẹ̀pà ẹ̀kún ọwọ́ kan kò ní sọ ṣúgà sókè bíi ti ìrẹsì àti búrẹ́dì. Mo máa ń gbé ẹyin méjì dání nínú báàgì mi, ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ń gbé wọn padà sílé.

Tí a bá ti fi iṣẹ́ lé àwọn aláàárọ̀ lọ́wọ́, mo máa ń jẹ ẹ̀kọ kan pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí n tó sùn. Ẹni tó bá sùn lébi pátápátá á jí láago mọ́kànlá, oorun rẹ̀ á sì já. Yàrá gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn. Kọ́tìnì fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kò tó, mo ta aṣọ òkè àtijọ́ kan mọ́ ojú fèrèsé tèmi, kò lẹ́wà, àmọ́ kò sí ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni mi ò tíì rí oògùn rẹ̀. Tí mo bá jí ní ọ̀sán, èso bí ìbẹ́pẹ tàbí ọsàn jíjẹ, mi ò fún un mu, kí n tó tún dáná ìrọ̀lẹ́.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá wà ní ìsinmi, ẹ má yí àsìkò oúnjẹ padà. Oorun lè padà sí alẹ́ bó bá wù ú, oúnjẹ kò ní láti sún kúrò nínú ọ̀sán. Èyí ló mú kí ètò yìí rọrùn fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń yí láti àárọ̀ sí òru: ibi kan ṣoṣo ló ń dúró sí, ìyẹn àwo.

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ṣẹ́ kù

Òwàḿbẹ̀: wọn kì í gbé oúnjẹ dé lásìkò, gbogbo wa la mọ̀. Ẹ jẹun kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ di tiwọn sínú láílọ́ọ̀nù, kí ẹ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Alẹ́ kan kò ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ààwẹ̀ Ramadan: ẹ̀dọ̀ á rí ìsinmi tó gùn lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣínu tán tó wá ń jẹ títí di sààrì, òru ló gbé gbogbo ẹrù lọ. Kí oúnjẹ ìṣínu má pọ̀ jù, kí sààrì jẹ́ ẹ̀wà tàbí ọ̀gì pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín, kí àárín rẹ̀ jẹ́ omi.

Oògùn cholesterol, irú ọ̀rá kan tó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀: òru ni ẹ̀dọ̀ máa ń ṣe é jù, ìdí nìyẹn tí dọ́kítà fi ń ní kí wọ́n lo simvastatin lálẹ́. Atorvastatin àti rosuvastatin máa ń pẹ́ nínú ara, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bá aago lọ. Èyí tí wọ́n bá kọ fún yín, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni kí ẹ lò ó.

Àwọn tí kò gbọ́dọ̀ dá a ṣe

Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlìn tàbí tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà bíi glibenclamide tàbí glimepiride, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì tó bá fo oúnjẹ. Òógùn á bò ó, ara á máa gbọ̀n, ó sì lè dákú. Kó lọ bá dọ́kítà rẹ̀ kó tó yí aago oúnjẹ padà. Aláboyún àti ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú, ẹ fi èyí sílẹ̀ ná.

Àwọn kan sì wà tí ìmọ̀ràn tiwọn jẹ́ òdìkejì pátápátá. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti di àpá, tó ti le, tí omi ti ń kó sí i níkùn, kò gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ òru gígùn. Ẹ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè tọ́jú ṣúgà pamọ́ mọ́, tí kò bá sì rí oúnjẹ, ẹran ara ni ara á máa jẹ. Àwọn dọ́kítà máa ń ní kí irú wọn jẹ nǹkan díẹ̀ kí wọ́n tó sùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé ohun tí ẹ kà níbí lọ fún bàbá tó wà nírú ipò yẹn.

Mo sì gbọ́dọ̀ sọ èyí, torí pé àwọn tó ń ta ọjà lórí fóònù ti sọ ọ̀rọ̀ aago oúnjẹ di idán. Ní 2020, ìwádìí kan jáde láti San Francisco, èèyàn 116 tó sanra ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí apá kan máa jẹun láti aago méjìlá ọ̀sán sí mẹ́jọ alẹ́ nìkan, apá kejì ń jẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwọ̀n wọn kò tó nǹkan. Lójú tèmi, àárọ̀ tó yẹ kí wọ́n jẹun ni wọ́n fò, alẹ́ ni wọ́n wá ń jẹ. Àmọ́ ó tún fi hàn pé aago nìkan kò lè jẹ́ kí ẹni tó ń jẹ àjẹjù fúyẹ́. Tí ẹ bá sanra, ìwọ̀n ara tó bá dín ní ìdá 5 nínú 100 ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀rá jáde nínú ẹ̀dọ̀. Fún ẹni tó wọn 80 kílò, kílò mẹ́rin nìyẹn. Ìdá 7 sí 10 ló ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tó ti ń wú bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé òun ní àgbo tó ń fọ ẹ̀dọ̀ mọ́, ẹ bi í léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, torí ẹ̀dọ̀ yìí kan náà ló máa gbé àgbo náà mì.

Ẹ sì má rò pé gbogbo ìyọnu ẹ̀dọ̀ ló jẹ́ ti ọ̀rá. Hẹpatáítìsì B wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa, kì í sì í fi ara hàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ kò bá ní in, ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀.

Ní ti síkáànì, ẹ mọ̀ pé kì í tètè rí ọ̀rá tó bá kéré. Àwọn oníṣègùn ń pè é ní àrùn tó bá ti ju ìdá 5 nínú 100 lọ, síkáànì lásán sì lè máà rí i títí yóò fi tó ìlọ́po mẹ́rin ìyẹn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, tí wọ́n bá ní kò sí nǹkan, ẹ ṣì wo bẹ́líìtì yín àti ṣúgà ẹ̀jẹ̀ yín. Tí wọ́n bá ní ó wà, ẹ fún ètò oúnjẹ yìí ní oṣù mẹ́fà kí ẹ tó tún un yà. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ, kí ẹ má sì jẹun fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ ṣáájú, torí oúnjẹ máa ń mú kí àpò òróòro fún pọ̀, gáàsì inú ìfun á sì máa dí wọn lójú.